Akàn Ò Jẹ Iyán Ìyàwó

Okun o, gbogbo yín. Ẹ jókòó. Bùkọ́lá, gbé àga yẹn padà sínú ilé, ibi tí mo jókòó sí yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwọ ọmọ Àbújá, o rò pé gbogbo àgbàlagbà ló ń fẹ́ tìmùtìmù. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì fi Rótìmí sílẹ̀ kó máa ṣílẹ̀kùn, kó máa tì í nínú ilé níbẹ̀. Ohun kan ló ń wá. Ẹ má bá a wá a. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní pẹ́ kàn án.

Inú ń bí mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ara Bàbá ò yá ni kò jẹ́ kó jẹun àárọ̀. Ara mi yá. Inú ló ń bí mi, ó sì ti ń bí mi láti àárọ̀ àná, nígbà tí mo bá Ṣadé lórí òkúta létí Omi Àpáta, odò ilé wa, tó di ewé iyán mú lọ́wọ́, tó ń sunkún. Ìyàwó tí Fẹ́mi, ọmọ Rótìmí, ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wálé láti Ìsánlú. Ọmọ ọlọ́mọ. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bàbá, wọn ò jẹ ẹ́. Ṣé wọ́n kọ̀ mí ni?"

Kí ni kí n dá a lóhùn? Kò mọ̀ pé inú ilé tí wọ́n gbé e wá gan-an ni ìdáhùn náà wà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo fà á lọ́wọ́ dìde, mo ní kó jẹ́ ká máa lọ sílé. Láti ìgbà náà ló ti wà nínú yàrá, ó ní orí ń fọ́ òun. Orí kọ́ ló ń fọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Lọ́kọ́ja àti Àbújá, ẹ lè má mọ ohun tó pa ọmọ náà lẹ́kún. Ní agboolé tiwa yìí, ìyàwó kì í bu omi odò láì kọ́kọ́ bọ́ akàn. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú un wọlé, àwọn ìyàwó ilé á gúnyán, wọ́n á bu òkèlè kan sínú ewé eéran fún un, wọ́n á sì fi orin sìn ín lọ sí Omi Àpáta ní ìrọ̀lẹ́. Òkúta pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí omi ń lá ní ẹ̀gbẹ́ kan. Orí rẹ̀ ni ìyàwó máa kúnlẹ̀ sí, á gbé iyán náà sí etí omi, á fà sẹ́yìn. Gbogbo obìnrin á dákẹ́. Tí akàn bá jáde wá, tó mú nínú iyán náà, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Ìyàwó á bu omi rẹ̀ àkọ́kọ́, àgbà ilé ni yóò sì kọ́kọ́ mu níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fẹnu kàn án.

Ìdí rẹ̀ ò ju pé omi tí akàn ti ń jẹun, èèyàn lè mu ún. A kì í ṣe òmùgọ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé akàn ni Ọlọ́run. Ìyá bàbá mi tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ náà bọ́ akàn, ó sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lẹ́nu débi pé kì í ṣe ti ìyàwó nìkan mọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Kàdúná láti ṣiṣẹ́ ìjọba, ọmọ ilé wa kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ rí mi, kò béèrè bóyá mo ti ríbi gbé tàbí bóyá àwọn ará ibẹ̀ gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé akàn ti jẹ?" Mo ní, "Kò tíì jẹ o." Ó mú mi lọ sílé, ó fún mi ní tùwó. Mo ní ó dáa, akàn ti jẹ.

Ta ló tún ń sọ bẹ́ẹ̀ nínú yín? Ẹ ò lè sọ ọ́, nítorí ẹ ò rí akàn níbi tó ti ń jẹun rí.

Akàn kì í fò mọ́ oúnjẹ bí ajá. Á kọ́kọ́ yọ ojú méjèèjì lẹ́nu ihò, á wo ọ̀tún, á wo òsì. Àwọn tó ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí kò parọ́. Tó bá rí i pé kò séwu, á fi ẹ̀gbẹ́ rìn wá, á fi ọwọ́ ńlá di oúnjẹ mú, á máa fi ọwọ́ kékeré já a díẹ̀díẹ̀ sẹ́nu. Ẹnu náà kì í sinmi, bí ẹnu ìyá arúgbó tó ń jẹ obì láìléyín. Tó o bá jókòó jẹ́ẹ́ létí omi nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, wàá máa gbọ́ èékánná wọn lórí òkúta, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, láti òkè odò títí dé ìsàlẹ̀. Ìró yẹn ló máa ń sọ fún àwọn ìyá wa pé ilẹ̀ ti ń ṣú, kí wọ́n gbé ìkòkò wọn rù. Mo lọ jókòó síbẹ̀ níjọ́sí. Omi nìkan ló ń dá sọ̀rọ̀.

Kí ni akàn ń jẹ? Ẹ kúkú bi mí pé kí ni kì í jẹ. Ewé tó já bọ́ sómi ni oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Á wọ́ ọ lọ sínú ihò, á jẹ́ kó rà kó sì rọ̀, bí a ṣe ń rẹ pákí kó tó di fùfú, lẹ́yìn náà ló máa jẹ ẹ́. Nígbà tí ìyeyè bá ń já, wọ́n á tò sábẹ́ igi náà bí ọmọ iléèwé tó ń retí oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀kan á já bọ́ sómi, wọ́n á ṣù bò ó, wọ́n á máa gbà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Wọ́n ń jẹ ekòló, wọ́n ń jẹ légbénlégbé àti ìgbín omi. Ẹja tó bá kú, àwọn ló ń sin ín, inú wọn ni sàréè rẹ̀. Tí akàn bá bọ́ èèpo ara rẹ̀, á yíjú padà jẹ lára èèpo náà, nítorí kò fẹ́ fi nǹkan ṣòfò. Àmọ́ lọ́jọ́ náà, á sá pamọ́ fún ẹgbẹ́ rẹ̀, torí ara rẹ̀ á rọ̀ bí ẹ̀kọ, akàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò sì mọ ojúlùmọ̀ tí ebi bá ń pa á.

Bùkọ́lá, mo gbọ́ ohun tó o sọ lánàá. O rò pé etí mi ti di. O ní, "Akàn tó ń jẹ òkú eku ni wọ́n ní kí ọmọ ọlọ́mọ máa bọ́. Ìdọ̀tí pátápátá." Ó dáa. Ìwọ tó mọ́ tónítóní, sọ fún mi, ta ni yóò gbá odò? Ta ló ń kó èèpo iṣu, ewé jíjẹrà àti òkú eku kúrò nínú omi tí bàbá rẹ mu dàgbà? Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ yẹn ni. Gbogbo ohun tó bá bọ́ sódò ni wọ́n ń jẹ, àfi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí ẹ̀yin ẹlẹ́nu mímọ́ ń dà síbẹ̀.

Àwa náà kì í ṣe ẹni rere tán o. À ń pa akàn jẹ. Ìyá mi kì í se ẹ̀gúsí kó máà wá akàn sí i tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. A máa ń fi ẹyìn tó pọ́n sínú ìgèrè tí a hun, a ó rì í sẹ́bàá ihò, nítorí òórùn ẹyìn lè fa akàn kúrò lábẹ́ òkúta tó bá wọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n òfin wà. Tó o bá mú akàn, wàá dojú rẹ̀ délẹ̀, wàá wo abẹ́ ikùn rẹ̀. Tí ọmọ bá wà níbẹ̀, àwọn pìmìpìmì tó rọ̀ mọ́ ìyá wọn, wàá rọra gbé e padà sómi, kódà kó jẹ́ òun nìkan lo rí mú láti àárọ̀. Akàn ọlọ́mọ kì í wọ ìkòkò. Akàn odò ò dà bí ẹja tó ń da ẹyin rẹpẹtẹ sómi kó máa lọ. Ó ń pọn àwọn ọmọ rẹ̀ ni, abẹ́ ikùn ló ń pọ̀n wọ́n sí. Tó o bá pa ìyá kan, o ti pa agboolé kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í fi ọṣẹ dé òkè odò. Ìsàlẹ̀ ni fífọ aṣọ, òkè ni pípọn omi, àárín ni àwọn obìnrin ti ń fọ irú, èèpo irú ni wọ́n sì ń dà fún akàn níbẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin yìí, àwọn ìyàwó ilé á fi orin bú u títí dé Kábà.

Ìyá Rótìmí ò fi ọ̀wọ̀ bá akàn lò lọ́jọ́ tiẹ̀. Ìyá àgbà yín ni mò ń sọ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ la ti gbé e, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó gbé iyán sílẹ̀ kó fà sẹ́yìn. Ó gbé e sílẹ̀, àmọ́ kò fà sẹ́yìn, ó ní òun fẹ́ wo ojú ẹni tó ń jẹ iyán òun. Akàn kan jáde, ó mú iyán, ó tún fi ọwọ́ kejì mú etí ìró rẹ̀. Obìnrin náà fò sókè, ó sá, akàn ń fì dirodiro lẹ́yìn ìró, àwọn ìyàwó ilé ń sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń rẹ́rìn-ín débi pé omi dà nínú ìkòkò ẹni tó ń gbé omi. Bó ṣe wọ agboolé nìyẹn. Bàbá mi ní, "Eléyìí, akàn ò jẹ iyán rẹ̀ nìkan, akàn tún sìn ín wálé." Láti ọjọ́ náà, Aya Akàn ni mo ń pè é. Mo pè é bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ tí mo pè é tí kò dáhùn mọ́.

Àwọn akàn tó bá Aya Akàn ṣeré yẹn ni Rótìmí, ọmọ tó bí, lọ da kẹ́míkà sí níhò.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá Fẹ́mi ni, mo mọ̀ pé ìrẹsì rẹ̀ lẹ jẹ lánàá. Fàdámà, ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó wà lápá òkè òkúta pẹlẹbẹ yẹn, ló gbìn ín sí, ilẹ̀ bàbá mi ni, èmi ni mo sì fún un. Òótọ́ ni pé akàn ń jẹ ìrẹsì tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Á jáde ní àṣálẹ́, á gé e nídìí bí ẹni gé e lọ́bẹ, á wọ́ ọ lọ sínú ihò. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún bàbá mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún mi. Kí la ṣe? Àsìkò tí ìrẹsì bá ṣì kéré, a máa ń ru èèpo iṣu àti èèpo pákí lọ sétí omi ní ìrọ̀lẹ́, a ó dà á kalẹ̀ fún wọn. Akàn tó yó ò ní ohun tó ń wá lọ sóko. Tí ìrẹsì bá ti ga tí ìdí rẹ̀ ti le, a ó jáwọ́. Bọ́ akàn, kí akàn má lọ bọ́ ara rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni bíbọ́ tí ìyàwó ń bọ́ ọ ti wá, àwọn baba wa ń kọ́ obìnrin ilé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé àwa nìkan kọ́ là ń jẹun níbí.

Mo sọ ọ́ fún Rótìmí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ta ló kù tó ń fi ọkọ́ roko? Ta ló máa ru èèpo iṣu lọ sódò ní ìrọ̀lẹ́? Àwọn ọmọ tí à ń rán níṣẹ́ ti wà ní Àbújá." Mi ò lè sọ pé irọ́ ló pa níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ kọ́. Mo ní tó bá jẹ́ koríko lásán ló fẹ́ fín, kó fi etí odò sílẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́. Ó fín oko, ó fín etí odò, ó tún bu èyí tó kù, ó ń dà á sínú ihò kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń da epo sí fìtílà. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti léfòó, wọ́n dojú ikùn sókè, tọmọtọmọ. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Akàn lásán lẹ ń bá mi jà lé lórí, Bàbá?" Akàn lásán. Ìyá rẹ̀ lè gbọ́ ọ níbi tó wà.

Ohun tí ìyàwó wa bá pàdé níjẹta nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló gúnyán, nítorí àwọn ìyàwó ilé tó kù ò tó gbé ọmọ odó. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó fà sẹ́yìn, ó ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. A dákẹ́. Ẹ̀yin arábìnrin ọkọ rẹ̀ ń tẹ fóònù. Kò sí ohun tó jáde. Nígbà tó pẹ́, Fẹ́mi gbé píọ̀ wọ́tà kan kalẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó bu eléyìí, omi náà ni." Ohun tó wá sí mi lẹ́nu kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún ọkọ ìyàwó. A fi iyán náà sílẹ̀ síbẹ̀. Lánàá, Ṣadé nìkan jí lọ wò ó láàárọ̀. Bó ṣe gbé e sílẹ̀ ló ṣe bá a, àfi èèrà tó bò ó.

Lẹ́yìn tí mo mú un wálé tán, mo mú ọ̀pá mi, mo gun òkè lọ, mo kọjá fàdámà Rótìmí, mo dé abẹ́ àpáta níbi tí omi náà ti ń sun jáde. Ẹsẹ̀ mi ò ti ì gbà á padà. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ á gbẹ, èmi ò gbàgbé. Mo rí ihò kan níbẹ̀. Amọ̀ ẹnu rẹ̀ tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde ni. Ewé ìyeyè kan wà lẹ́nu ihò náà, ìdajì rẹ̀ wà nínú, ìdajì wà níta, bí ẹni wọ́ ọ lọ tó wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi. Mo dúró. Mo fara ti ọ̀pá mi. Ewé náà mira, ó sì wọlé.

Wọ́n ṣì wà. Díẹ̀ ni wọ́n, àmọ́ wọ́n wà. Tí ẹ bá fi etí odò sílẹ̀ kí koríko padà hù, tí òjò sì rọ̀, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lábẹ́ ikùn wọn. Bóyá n ó rí i, bóyá n ò ní rí i. Mo padà dé, inú mi ti ń rọ̀, mo tún ń gbọ́ tí Rótìmí ń sọ lórí fóònù pé kí àwọn tó ń bá òun fín oko wá lónìí, pé àwọn máa gun òkè dé abẹ́ àpáta lọ́tẹ̀ yìí, kí àwọn ṣe é tán.

Ẹ lọ pe Ṣadé fún mi. Ẹ ní kó jáde, kó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Ìyàwó, mo jẹ ọ́ ní ìdáhùn kan láti àná. O bi mí bóyá wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń kọ oúnjẹ, ọmọ mi. Wọn ò kọ̀ ọ́. Nínú ilé yìí, wàá tún gúnyán náà lọ́jọ́ mìíràn, ìwọ àti ẹni yòówù tí Ọlọ́run bá dá sí nínú wa.

Ṣé ìwọ náà nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, Rótìmí? Máa bọ̀. O ti wo ẹ̀yìn ilé ìdáná, o ti wo abẹ́ ibùsùn mi, o ti wo ẹ̀yìn ọkọ̀ Fẹ́mi. Àwọn ènìyàn rẹ ti gbé ẹ̀rọ kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n dúró dè ọ́ lábẹ́ máńgòrò níbẹ̀ yẹn. Àfi abẹ́ aṣọ òkè tí mo tẹ́ sídìí yìí ni o ò tíì wò. Kẹ́ẹ̀gì kẹ́míkà rẹ ni mo fi ṣe àga. Ẹsẹ̀ ni mo fi tì í díẹ̀díẹ̀ débí kí ẹ tó jí. Tó o bá fẹ́ gbà á, kò le. Wá gbé bàbá rẹ kúrò lórí rẹ̀, níṣojú ìyàwó ọmọ rẹ.